Alárenà Kì Í Ṣe Ọkọ Ìyàwó: Ọ̀rọ̀ Lórí Behavior àti Trigger Láàárín View àti View Model

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòkòó, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ la ẹrẹ̀ kọjá láti Ìmọ̀ta, Ìjẹ̀dé, Igbógbó àti Báyẹ́kù kí ẹ tó dé Ìkòròdú láàárọ̀ yìí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà òjò. Mo tún kí ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, nítorí bí ó bá sùn lọ, èmi náà yóò di ohùn nínú òkùnkùn.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi behavior àti trigger ya view kúrò lára view model. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń lo WPF, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà Windows, àwọn kan ń lo .NET MAUI, èyí tí a fi ń kọ ti fóònù àti kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn kò sì tíì fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ má fòyà. View ni ohun tí oníbàárà ń fojú rí tí ó sì ń fọwọ́ tẹ̀: bọ́tìnnì, àpótí ìkọ̀wé, àtòjọ orúkọ, àwọ̀. View model ni ibi tí a kó ohun tí ojú yẹn fẹ́ fi hàn sí, pẹ̀lú àwọn àṣẹ tí a lè ní kí ó mú ṣẹ, láìjẹ́ pé ó mọ bọ́tìnnì kankan lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn méjèèjì nílò alárenà, alárenà náà, ìyẹn trigger àti behavior, sì ní ààyè tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Màá kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe, màá bọ́ sórí iṣẹ́ tí trigger ń jẹ́, màá dé orí behavior, màá sì dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé, ìyẹn bí alárenà ṣe ń kúrò nílé.

Àṣìṣe tí mo ṣe ní ọ̀nà Ẹ̀bútẹ́

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní ọ̀nà Ẹ̀bútẹ́ ní kí n kọ ètò kan fún àwọn, èyí tí yóò máa gba àkọsílẹ̀ páálí títù àti ṣáwà, iye kílò tí wọ́n tà, àti orúkọ àwọn tó gba ọjà láwìn. WPF ni mo fi kọ ọ́. Mo ń kánjú, mo sì rò pé mo ti mọ iṣẹ́ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé, ẹ̀yìn fèrèsé yẹn gan-an ni mo ń kọ kóòdù rẹ̀ sí, nínú fáìlì tí a ń pè ní code-behind. Bí ìyá bá tẹ orúkọ oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, ètò á wá àwọn àwìn rẹ̀, á rò wọ́n pọ̀, á sì fi iye rẹ̀ sínú àpótí ìkọ̀wé. Níbo ni ìṣirò gbèsè náà ń gbé? Inú títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹn ló ń gbé!

Ìyà àkọ́kọ́ kò pẹ́ kó tó dé. Ní ọjọ́ kan tí kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, ìyá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń gba owó, wọn kò rí i kí nǹkan kan yí padà, wọ́n sì tún un tẹ̀. Owó tí oníbàárà san lẹ́ẹ̀kan di owó tí ó san lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó jẹ gbèsè di ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ó sì wá béèrè ẹja lórí rẹ̀. Èmi ni wọ́n pè.

Ìyà kejì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìyá ṣí ìsọ̀ kejì ní Sábó, ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n fi síbẹ̀, wọ́n sì ní kí n gbé ètò náà sórí fóònù rẹ̀. Mo ní kò burú, ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Mo ṣí fáìlì, mo wò ó, mo tún un wò. Orí fóònù kò sí máòsì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni títẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì fi jọ gbèsè? Kí ló pa wọ́n pọ̀? Kò sí nǹkan kan, àfi èmi tí mo so wọ́n mọ́ra bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga. Oṣù méjì ni ọ̀sẹ̀ kan yẹn gbà mí, nítorí pé ńṣe ni mo tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Àwọn Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti ọmọ ènìyàn, òótọ́ ni. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti wà lójú ni wàhálà dé.

Àlàfo tí ìsopọ̀ kò dí

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ jìn sí kòtò yìí. Ní 2004, Martin Fowler, òǹkọ̀wé lórí ìṣètò kóòdù, kọ̀wé lórí ọgbọ́n kan tí ó pè ní Presentation Model. Ní 2005, John Gossman, ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ Microsoft tó wà nídìí WPF, ṣàlàyé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lábẹ́ orúkọ Model-View-ViewModel, èyí tí gbogbo wa ń pè ní MVVM. WPF fúnra rẹ̀ jáde pẹ̀lú .NET Framework 3.0 ní oṣù kọkànlá 2006. Irinṣẹ́ méjì ló fi sí wa lọ́wọ́. Èkíní ni ìsopọ̀ (binding), tí ohun tó bá yí padà nínú view model fi ń hàn lójú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e lọ síbẹ̀, bí view model bá ti ń kéde ìyípadà náà nípasẹ̀ INotifyPropertyChanged. Èkejì ni ICommand, àṣẹ tí bọ́tìnnì lè mú ṣẹ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àṣẹ yìí ní ìbéèrè kan lára, CanExecute: ṣé ó ṣeé ṣe báyìí, àbí kò ṣeé ṣe? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tìnnì á ṣú lójú, kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Ká ní mo ti lò ó ni, tí mo sì jẹ́ kí àṣẹ náà máa dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ títí ìsanwó àkọ́kọ́ yóò fi parí, ìyá kì bá tí gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò ó. Bọ́tìnnì ní ibi tí a ń so àṣẹ mọ́. Àtòjọ orúkọ ńkọ́? Tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ń jẹ́ MouseDoubleClick ló ń ké jáde, kò sì sí ibì kan lára àtòjọ náà tí a lè so àṣẹ mọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni Loaded, tí ń ké bí ohun èlò bá ti wà nílẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ náà ni SelectionChanged, tí ń ké bí a bá yan ohun mìíràn. Ìṣẹ̀lẹ̀ ń pariwo, àṣẹ ń dúró, kò sí ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àlàfo yẹn ló ń fa ènìyàn padà sínú code-behind. Expression Blend 3, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń ṣe ojú ètò, ló gbé behavior jáde ní 2009 láti dí i. Ní 2018, Microsoft sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà tí ó sì lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ orúkọ Microsoft.Xaml.Behaviors.Wpf. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo MAUI, tiyín ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀.

Trigger: ẹni tí a rán níṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wa. Láyé àtijọ́, ọmọkùnrin kì í ṣàdédé rìn wọ agboolé bàbá ọmọbìnrin pé òun ń wá aya. Alárenà ló ń lọ, alárenà ló ń bọ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí ẹni kan sọ, ó ń gbé e dé etí ẹni kejì, kò sì sí ọjọ́ tí alárenà jókòó láti pinnu iye iṣu tí wọn yóò gbé wá síbi ìdána. Iṣẹ́ tí a rán an ló ń jẹ́.

Báyìí gan-an ni trigger ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní etí, ó ní ẹsẹ̀. Etí rẹ̀ ni EventTrigger, tí a kọ orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí yóò máa tẹ́tí sí fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni InvokeCommandAction, tí ń sáré lọ bá àṣẹ tó wà nínú view model. Inú XAML, èdè tí a fi ń kọ ojú fèrèsé, ni a ń kọ méjèèjì sí, lára àtòjọ náà gan-an, débi pé ẹni tó bá ń ka ojú fèrèsé yóò rí i pé títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ń lọ sọ́dọ̀ àṣẹ tí ń jẹ́ WoGbèsè. View model kò gbọ́ ohun tó ń jẹ́ máòsì rí. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹnì kan fẹ́ wo gbèsè ẹnì kan.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ fi ọkàn sí òwe yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kì í wá lọ́wọ́ òfo, ẹrù wà lórí rẹ̀: ibi tí máòsì wà, bọ́tìnnì máòsì tí a tẹ̀, irú nǹkan báwọ̀nyí. InvokeCommandAction ní ibi tí a ti lè sọ pé kí ó gbé ẹrù náà lódindi fún view model, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti ya view kúrò. Irọ́ ni! Ọjọ́ tí view model bá ti gba ẹrù máòsì, máòsì ti wọlé tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ẹrú ni, a kò sì tíì fi tọmọ jẹ́ ẹ. Alárenà ló yẹ kó tú ẹrù náà lójú ọ̀nà, kí ó mú ẹyọ ohun tí view model lè gbọ́ jáde, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, oníbàárà tí a yàn nìkan ni, a sì lè so ó mọ́ CommandParameter, ibi tí a ń fi ohun tí àṣẹ yóò gbà sí, láti ara SelectedItem, ẹni tí a yàn lára àtòjọ. Níbi tí kò bá ti rọrùn tó bẹ́ẹ̀, EventArgsConverter wà fún irú iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí ó ti jẹ mí níyà rí. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀pá ìyílọ-yíbọ̀ ẹ̀gbẹ́ àtòjọ lẹ́ẹ̀mejì, àtòjọ náà ṣì ń ké MouseDoubleClick jáde, bí a kò tilẹ̀ tíì yan ẹnikẹ́ni. Nítorí náà àṣẹ yín gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá mú òfo wá fún un.

Trigger kan tún wà tí ń rìn láti òdìkejì, DataTrigger. Òun ń wo ohun tó wà nínú view model, ó sì ń yí ojú padà. Ìyá fẹ́ kí orúkọ ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti pẹ́ máa pọ́n. Mo ti rí ọ̀dọ́ kan tó kọ ọ́ sínú view model pé àwọ̀ jẹ́ pupa. Kí ni view model mọ̀ nípa pupa? Kí ó sọ pé gbèsè ti pẹ́, kí ó dákẹ́; DataTrigger ni yóò sọ ọ́ di pupa, tàbí àwọ̀ mìíràn bí ìyá bá yí ọkàn padà.

Behavior: ìwà tí a fi kọ́ ohun èlò

Trigger ń jẹ́ iṣẹ́, behavior ń hùwà. Kíláàsì tí a ń kọ ni, a jogún rẹ̀ láti ara Behavior, a sì sọ irú ohun èlò tí yóò máa bá gbé. Bí a bá ti fi í sára àpótí ìkọ̀wé, a ó pe OnAttached, àpótí náà á wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní orúkọ AssociatedObject, láti ìgbà náà lọ ó lè máa ṣọ́ ọ.

Mo kọ ọ̀kan fún àpótí iye owó, kí ó má gba ohunkóhun tó yàtọ̀ sí nọ́ńbà, kí ó sì máa fi àmì kọmá sí i, kí 12500 di 12,500. Mo rò pé bí mo bá ti ṣọ́ PreviewTextInput, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ń ké kí ohun tí a tẹ̀ tó wọ àpótí, iṣẹ́ ti parí. Kò parí. Àlàfo tí a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a dà kọ láti ibòmíràn tí a wá lẹ̀ mọ́ àpótí náà kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé, mo sì ní láti lọ ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́. Àpótí mẹ́sàn-án ló ń gba owó nínú ètò yẹn, ìlà kan péré ni mo fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, níbo ni behavior parí sí, níbo ni view model ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù lọ, ìdáhùn tí mo sì ní, lẹ́nu ìyá ẹlẹ́ja ni mo ti rí i. Wọ́n ní, “Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ìwé gbèsè ni mo ń lò, n kì í sì í ta kílò tí kò sí nínú fìrísà.” Mo dúró síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé: bí ó bá jẹ́ pé ìwé gbèsè ni a ń lò, ṣé òfin yìí yóò ṣì wà? A kò gbọ́dọ̀ ta ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ: òfin yìí wà nínú ìwé gbèsè, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú behavior láéláé. Kí kọmá máa wọlé bí a ṣe ń tẹ nọ́ńbà, kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àpótí yàn ara rẹ̀ bí a bá ti dé ibẹ̀, kí àtòjọ yí lọ sísàlẹ̀ bí ọjà tuntun bá wọlé: kò sí èyí tó kan ìwé gbèsè, nítorí pé ojú ẹ̀rọ wà ni wọ́n ṣe wà. Behavior ló ni wọ́n.

Alárenà á yẹ̀bá

Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárenà á yẹ̀bá. Nínú iṣẹ́ wa, kì í fúnra rẹ̀ yẹ̀bá. Ẹ̀yin ni ẹ ó lé e.

Mo kọ behavior kan tí ń mú kí orúkọ ẹja tó fẹ́ tán nínú fìrísà máa ṣẹ́jú. Mo fi DispatcherTimer sí i, aago kékeré kan tí ń lù léraléra, mo sì kọ ọ́ sínú OnDetaching pé kí aago dúró. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Láàárọ̀ ètò á yá, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á máa wọ́ bí ìgbín. Kí ló fà á? Nínú WPF, pípa fèrèsé dé kò túmọ̀ sí pé a pe OnDetaching. Ìgbà tí a bá yọ behavior náà kúrò lára ohun èlò ni a ń pè é, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ìyá bá ṣí fèrèsé ọjà, aago tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pa á dé, aago kò gbọ́. Nígbà tí ó fi máa di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọgọ́ta aago lè máa lù fún fèrèsé tí kò sí ẹni tó ń wò ó mọ́. MAUI náà kì í yọ behavior kúrò fúnra rẹ̀ bí oníbàárà bá ti kúrò lójú ewé kan.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí èyí kó yín láyà sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ohun èlò tí behavior ń bá gbé nìkan ni ó ń tẹ́tí sí, àwọn méjèèjì ni a ó jọ gbé sin. Ohun tó ń fa ìjàngbọ̀n ni kí ó di ohun tó pẹ́ láyé jù ú lọ mú, bí aago, tàbí view model tí fèrèsé púpọ̀ jọ ń lò. Ní irú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí behavior máa ṣọ́ Unloaded pẹ̀lú, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ń ké bí ohun èlò bá kúrò lójú, kí ó sì já okùn níbẹ̀.

Ibi tí kò ti sí ìdí fún alárenà

Bí bọ́tìnnì bá ti ní ibi tí a ń so àṣẹ mọ́, kí ni a tún ń rán EventTrigger sí Click fún? InvokeCommandAction á béèrè CanExecute kí ó tó mú àṣẹ ṣẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí bọ́tìnnì ṣú lójú, oníbàárà á sì máa tẹ̀ ẹ́ títí láìmọ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó sọ pé code-behind gbọ́dọ̀ ṣófo pátápátá ń fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe wàhálà lásán. Ìlà méjì tí kò ju ọ̀rọ̀ ojú lọ, tí a kò sì ní lò níbòmíràn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ sùn. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ àṣẹ tí a ṣì kọ nínú XAML o: kò ní pariwo, ìkìlọ̀ kékeré kan ló máa bọ́ sójú Output, ibi tí irinṣẹ́ ìkọ kóòdù ń kọ ìròyìn sí, iṣẹ́ kò kàn ní jẹ́ mọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lórí kọ̀ǹpútà ìyá, títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló ń lọ sọ́dọ̀ WoGbèsè. Lórí fóònù ọmọ wọn ní Sábó, fífi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan ni. Èmi náà ń pe àṣẹ kan náà láti inú àyẹ̀wò tí mo kọ, ní òru, láìsí fèrèsé kankan lójú ẹ̀rọ. View model kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìbéèrè kan láti àárín ìjókòó

Ọ̀dọ́bìnrin kan dìde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gbìyànjú láti so PasswordBox, àpótí ọ̀rọ̀ aṣínà, mọ́ view model, ó kọ̀ jálẹ̀. Ṣé behavior lè bá mi ṣe é?”

Mo ní, “Àbúrò, ó lè ṣe é. Ohun tó fà á tí ó fi kọ̀ ni pé Password rẹ̀ kì í ṣe dependency property, irú èyí tí ìsopọ̀ WPF lè dì mú, kò sì sí ìsopọ̀ tí yóò mú un. Behavior lè máa ṣọ́ PasswordChanged kí ó sì máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n rò ó wò ná: bí o bá gbé e lọ sínú view model, ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn yóò jókòó síbẹ̀ ní ìhòòhò títí tí view model fi máa kú. Èmi kì í tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Mo máa ń fi lé àṣẹ ìwọlé lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, kò sì ní ibùgbé kankan lẹ́yìn ìyẹn.”

Ó ronú díẹ̀. “Ẹ jẹ́ pé èyí tí mo kọ lánàá, mo ní láti tú u.”

Mo ní kí ó tú u kí jẹnẹrétọ̀ tó kú.